Ajílẹ̀ Kílò Mélòó Ló Tó fún Àgbàdo?

Bí ibi tí ẹ fi ajílẹ̀ púpọ̀ sí bá so jù, ó lè jẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ló lọ́ràá. Ẹ pín ilẹ̀ sí abala mẹ́jọ tó dọ́gba. Ẹ fi ìbò yan mẹ́rin fún NPK kílò 4, mẹ́rin fún kílò 8.

Ká ní ti kílò 4 so àgbàdo kílò 40, 45, 55 àti 60. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 50. Ti kílò 8 so 45, 50, 60 àti 65. Ìpíndọ́gba jẹ́ 55. Ẹ má tíì yọ̀! Abala tó gba ìwọ̀n kan náà fi kílò 20 ju ara wọn lọ. Kílò 5 kò tíì dájú. Ẹ tún un dán wò lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ yín tó fi owó ra ìlọ́po méjì.