Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Dómẹ́ènì Yín? Ìlàlóye fún Àwọn Oníṣòwò

Ẹjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú yín ń bá wá sí káńtà wa: ẹ fi àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ yín kọ ímeèlì sí oníbàárà, àmọ́ àdírẹ́sì Gmail yín àtijọ́ ló rí lórí rẹ̀. Ẹ̀rù gbájúẹ̀ bà á, kò sì sanwó.

Ìdí tó fi ń yí padà

Bí ẹ bá ti inú Gmail ránṣẹ́, tí ẹ kò tíì fi hàn án pé àdírẹ́sì kejì jẹ́ tiyín, ti Gmail ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Kóòdù ló máa ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà láti dán yín wò. Bí dómẹ́ènì (orúkọ tó wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì náà) kò bá sí, kóòdù kò níbi tí yóò dé.

Ẹ jọ̀wọ́, dómẹ́ènì nìkan kò tó. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó tà á fún yín ṣí àpótí ímeèlì sí i, kí wọ́n sì to SPF àti DKIM, ètò méjì tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì náà ti wá lóòótọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Gmail ti ń béèrè ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ta ló lè gbà á?

Ẹnikẹ́ni lè gba .com.ng. Ti ìjọba ni .gov.ng. Ìwé CAC kò fi dómẹ́ènì pamọ́ fún yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú un.

Orúkọ yín ni kó wà níbẹ̀

Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ọmọ tó ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún yín á fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ gba dómẹ́ènì. Ẹ̀yin lẹ sanwó, rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín, ẹ rò pé ó parí. Lọ́jọ́ tó bá rìnrìn àjò tàbí tí ìjà bá dé, ẹ kò ní agbára kankan lórí rẹ̀. Rìsíìtì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú “Registrant” ni olóhun.

Nítorí náà, kí ẹ tó san ìyókù owó iṣẹ́, ẹ fi fóònù tiyín wọ inú àkáùntì tí ọmọ náà fi gba dómẹ́ènì, níṣojú rẹ̀. Ẹ wo “Registrant”: orúkọ yín, nọ́ńbà yín, láìsí àṣìkọ. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà kí ẹ tó dìde.

Ẹ tún wo ímeèlì tó wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó wà lórí dómẹ́ènì kan náà. Bí dómẹ́ènì bá kú, ímeèlì yẹn á bá a kú, ìkìlọ̀ owó ọdún kò sì ní rí yín bá. Gmail yín àtijọ́ dára fún èyí. A tún un sọ: orúkọ yín, ímeèlì míì.

Owó

NiRA ló ń bójú tó .ng, àmọ́ kì í tà á fún aráàlú fúnra rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó fún láṣẹ ló ń tà á, orúkọ wọn sì wà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì NiRA. Àwa náà kì í gbowó ní ọ́fíìsì yìí. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fáìlì lẹ́nu géètì wa, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Bí owó ọdún bá ku oṣù kan, ẹ san án. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí dómẹ́ènì bá ti bọ́, tí ẹlòmíràn sì ti rà á, a kò lè gbà á padà fún yín.