Kí ló dé tí labalábá kì í jáde lọ́jọ́ òjò? Ohun tí a rí kọ́ ní Johannesburg

Wákàtí márùn-ún ni a fi rìn nínú koríko Ruimsig, lápá ìwọ̀-oòrùn ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá. Nítorí labalábá kan ni a ṣe lọ. Òjò wìnníwìnní kò dá, omi kún bàtà wa, a kò sì rí ẹyọ kan.

Roodepoort Copper ni wọ́n ń pe labalábá náà, nítorí pé àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ jọ ti bàbà. Ibi díẹ̀ péré ní ìpínlẹ̀ Gauteng ni ó ń gbé. Ní ọdún 1985 ni wọ́n ya ilẹ̀ Ruimsig sọ́tọ̀ láti dáàbò bò ó.

Kí ló dé tí ó fi sá pamọ́?

Àwọn àgbà ní labalábá fi ara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wí. Ara ẹyẹ ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ni labalábá gbójú lé. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè fò dáadáa àyàfi tí ara wọn bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, wọn a rọ̀ mọ́ ìdí koríko, wọn a sì pa ìyẹ́ dé. Abẹ́ ìyẹ́ Roodepoort Copper sì jọ àwọ̀ ilẹ̀, ojú kì í tètè rí i.

Ìgbà òjò Johannesburg gan-an ni àkókò tí ó ń fò. Ẹ̀mí rẹ̀ kò sì gùn. Gbogbo ọjọ́ tí òjò bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dín àkókò tí ó ní láti gùn àti láti yé ẹyin kù.

Kí ni èèrà ń ṣe níbẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kí ó tó hu ìyẹ́, inú ilé èèrà ni ó ń sùn lọ́sàn-án, alẹ́ ni ó ń jáde wá jẹ ewé. Èèrà ni ó ń ṣọ́ ọ. Tí ewé náà tàbí èèrà náà bá pòórá, labalábá pòórá nìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn láti kó o lọ síbòmíràn nígbà tí ilé àti títì ìlú ńlá bá ń sún mọ́ ọn.

Ṣé àìrí i túmọ̀ sí pé ó ti parun?

Rárá o. Àwọn tó ń ka labalábá máa ń padà lọ lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn tí afẹ́fẹ́ kò sì le. Wọ́n tún máa ń kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí ẹ̀gbẹ́ iye tí wọ́n kà, nítorí pé òdo ọjọ́ òjò yàtọ̀ sí òdo ọjọ́ oòrùn.

Òdo ọjọ́ òjò ni tiwa. Èyí tó yẹ kó kó ìpayà báni ni òdo ọjọ́ oòrùn, tí ó bá tẹ̀lé ara wọn lọ́dọọdún.