Kí ẹ tó ra síìlì tuntun fún ẹ́ńjìnnì tó ń jò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ ní Ayété àti agbègbè Ìbàràpá, ẹ má fojú di ọ́ìlì tó ń kán lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbẹ, irin á máa ha irin, iṣẹ́ á sì dúró.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Tó bá tutù, ẹ nù ún mọ́, kí ẹ tún tan án. Ibi tí ọ́ìlì bá ti kọ́kọ́ yọ ló ti ń jò. Bó bá jẹ́ ìdí nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń fa ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ wáṣà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn púlì, síìlì ló ti gbó.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wò. Bó bá dí, atẹ́gùn inú rẹ̀ á tún ti ọ́ìlì gba ara síìlì tuntun jáde, owó yín á sì wọgbó.