Bí Olórúnkún Pupa Ṣe Di Tàràǹtúlà Àkọ́kọ́

Bí ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Texas bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin tàràǹtúlà, aláǹtakùn onírun tó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà, olórúnkún pupa ti Mẹ́síkò wà lára èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Dúdú ni, àmọ́ oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ́n bí epo.

Etí Òkun Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀, ní àwọn ìpínlẹ̀ Guerrero, Michoacán, Colima àti Jalisco ní Mẹ́síkò, nínú ihò ilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á jáde tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ó rẹwà, kì í sì í tètè bínú, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn onísinimá náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ọṣẹ́ tí òwò yìí ṣe pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni abo fi ń dàgbà kó tó lè bímọ, ó sì lè gbé ju ọdún 20 lọ. Ní ti akọ, tó bá ti bàlágà, kì í pẹ́ kú. Ẹni tó bá wá gbé abo ńlá kan kúrò nínú ihò, ó ti kó gbogbo ọmọ tí ì bá fi ọ̀pọ̀ ọdún bí lọ. Ní 1985, wọ́n fi í sábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn ìjọba tó ń ṣọ́ òwò ẹranko igbó. Kò tún ṣeé kó gba ẹnubodè láìní ìwé àṣẹ. Àwọn olùsìn wá gbájú mọ́ mímú un bímọ nílé, ó sì ṣeé ṣe, torí àpò ẹyin kan ṣoṣo lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ jáde. Èyí tí wọ́n bí sílé ni kí ẹ béèrè, kí ẹ má gba òmíràn.

Ohun tó ń já olùsìn tuntun láyà jù ni ìgbà tí aláǹtakùn náà bá fẹ́ bọ́ awọ. Yóò dùbúlẹ̀ gbalaja, yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, yóò gbé gbogbo ẹsẹ̀ sókè bí òkú. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ yọ ìrẹ̀ tí ẹ fún un jẹ tó bá ṣẹ́kù kúrò níbẹ̀, torí ìrẹ̀ lè jẹ ẹ́ láàyè. Tó bá bọ́ tán, eyín rẹ̀ á funfun, á rọ̀. Ó dìgbà tó bá dúdú kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Kò sì yẹ ní gbígbé kiri: tó bá já bọ́, ikùn rẹ̀ lè bẹ́. Tí ẹ bá bí i nínú, yóò fẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbo irun ikùn rẹ̀ dà sí afẹ́fẹ́, ìyẹn sì burú fún ojú.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ní tirẹ̀. Heteroscodra maculata, aláǹtakùn aláwọ̀ eérú tó ń gbé orí igi, tí àwọn olùsìn máa ń fi orúkọ Tógò pè, kò ní irun tó ń yúnni. Eré ló máa ń sá, ìbunijẹ rẹ̀ sì ń roni gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín, kó ti fi ọdún mélòó kan sin olórúnkún pupa ná.