Kí Ni Àṣẹ Inú Pálọ̀ Ń Wá Lókè Òkun?

Rìmóòtù mẹ́fà ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré orí tábìlì wa ní Dagenham, ní London. Ọ̀kan ti tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan ti àpótí tó ń gba ìkànnì, ọ̀kan ti fáànù, ọ̀kan ti iná aláràbarà tí àwọn ọmọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Méjì tó kù, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà tí màmá ìyàwó mi dé láti Ìbàdàn, wọ́n gbé ti fáànù, wọ́n nà án sí tẹlifíṣọ̀n títí, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀rọ yín yìí ti kú o."

Kò kú. Wọn kò tíì pe orúkọ rẹ̀ ni.

Ọ̀nà méjì ni irú rìmóòtù báyìí sábà ń gbà ránṣẹ́: ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú kò rí, tàbí ìgbì rédíò. Ìmọ́lẹ̀ ni ti tẹlifíṣọ̀n wa. Ẹ rò ó bíi tọ́ọ̀ṣì tí ẹnìkan ń tàn tó sì ń pa lóru láti fi ṣe àmì sí ẹni tó wà lódìkejì odò. Ẹ kọ ojú rìmóòtù sí kámẹ́rà iwájú fóònù yín kí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì kí ẹ tó lọ ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n oòrùn náà ń fọ́n infrared, gílóòbù gbígbóná ń fọ́n ọn. Kí tẹlifíṣọ̀n má baà ṣi oòrùn gbọ́, iná rìmóòtù kì í kàn tàn lásán: ó ń ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 38,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tí kò bá sì ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kì í dá a lóhùn. Nínú èdè kan tó wọ́pọ̀ gan-an, tí wọ́n ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ NEC ti Japan pè, iná yóò kọ́kọ́ tàn fún ìdá 9 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, yóò kú fún ìdajì iye yẹn. Ìyẹn dúró fún "ẹ gbọ́ o!" Lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì 32 yóò tò tẹ̀lé ara wọn. Bí òkùnkùn tó tẹ̀lé títàn iná bá kúrú, òdo ni. Bí ó bá gùn tó ìlọ́po mẹ́ta, ení ni. Ìdajì àkọ́kọ́ ń pe orúkọ ẹ̀rọ, ìdajì kejì ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, wọ́n sì máa ń tún ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ní òdìkejì kí àṣìgbọ́ má baà wà. Gbogbo rẹ̀ parí kí ẹ tó ṣẹ́jú tiyín.

Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í la ògiri kọjá. Rédíò ń là á, ó sì ń là á jù nígbà mìíràn. Ní Becontree, ní Dagenham wa níbí, níbi tí ìjọba ìlú London kọ́ ilé tó lé ní 25,000 sí láàárín ọdún 1921 sí 1935, ọ̀pọ̀ ilé ló fara ti ara wọn, tí ògiri bíríkì kan ṣoṣo pín wọn níyà. Bí èmi àti aládùúgbò bá ra irú agogo ẹnu ọ̀nà kan náà, tí àmì wọn sì bára mu, àlejò rẹ̀ ni èmi yóò máa sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún. Orí 433 megahertz ni púpọ̀ nínú agogo àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ń ké sí. Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ìgbì rédíò ní Britain, gba gbogbo ènìyàn láyè láti lò ó láìgba ìwé àṣẹ, bí agbára rẹ̀ kò bá ti ju 10 milliwatt lọ. Ní Amẹ́ríkà, 315 ni ọ̀pọ̀ ń lò, nítorí náà ẹ̀bùn tí ẹ̀gbọ́n kó wá láti Houston lè dé kó ya odi.

Ohun tó lè kó rìmóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú fóònù kan ni àpótí kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó gbọ́ WiFi, tó sì mọ bí wọ́n ti ń ṣẹ́jú àti bí wọ́n ti ń ké. Ẹ ó kọ ojú rìmóòtù àtijọ́ sí i, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, yóò ṣírò bí iná ṣe pẹ́ tó kó tó kú, yóò sì tọ́jú rẹ̀. Kò ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ayékòótọ́ ni. Ẹ kò ní lu ògiri, ẹ kò ní fa wáyà, èyí tó dára fún àwa tí a ń gba ilé lọ́wọ́ káńsù tàbí lánlọ́ọ̀dù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Púpọ̀ nínú àpótí tí wọ́n ń tà kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ fóònù yín tààrà. Ẹ jókòó ní pálọ̀, ẹ tẹ fóònù kí tẹlifíṣọ̀n iwájú yín kú. Àṣẹ náà jáde nílé, ó gba okùn abẹ́ títì lọ, ó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ta àpótí, bóyá ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìyẹn wá dá a padà sí Dagenham, sí àpótí tí ọwọ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ pa iná ilé láti ibi iṣẹ́, mi ò jiyàn. Fún ẹni tó wà nílé, ó dà bí ẹni tó ti Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn gba Kánò lọ sí Sábó.

Ẹ tún wo ewu rẹ̀. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Nest pa iṣẹ́ Revolv tó ti rà, àpótí tí àwọn ènìyàn fi nǹkan bí 300 dọ́là rà sì di ẹrù lásán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Insteon pa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láìkìlọ̀. Iná kò lọ nílé ẹnikẹ́ni, WiFi wà, síbẹ̀ áàpù kò gbọ́ràn mọ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí àṣẹ má jáde nílé rárá. Home Assistant, ètò kọ̀ǹpútà tí Paulus Schoutsen bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi kó máa ṣe olórí ilé. Ó lè bá àpótí Broadlink sọ̀rọ̀ láìgba ìta, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá lè fi ẹ̀rọ kékeré ESP32 àti iná infrared kan ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú ètò ESPHome.

Àbùkù kan kò kúrò o. Infrared yìí àti irú rédíò olówó pọ́ọ́kú yìí, ọ̀rọ̀ apá kan ni: ẹ̀rọ kì í dáhùn pé òun ti gbọ́. Bọ́tìnnì kan náà ló ń tan tẹlifíṣọ̀n tó ń pa á, nítorí náà bí ẹnìkan bá ti pa á tẹ́lẹ̀, "pa á" yín yóò tàn án. Àwọn kan ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń wọn iná láti mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nítorí pé ẹ̀rọ kì í dáhùn, mi ò ní fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 433 tan hítà nígbà tí kò sẹ́ni nílé láéláé.

Bí ẹ bá ń ra àpótí, ẹ béèrè títí di ìgbà wo ni wọn yóò fi máa ṣe àtúnṣe ààbò fún un. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin Britain ti sọ ọ́ di dandan kí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́, ó sì ti fòfin de ọ̀rọ̀ aṣínà tí gbogbo ayé lè mọ̀.

Láti mọ̀ bóyá inú ilé ni àṣẹ yín ń gbé, ẹ yọ okùn tó ń ti ìta wọ ẹ̀rọ WiFi, ẹ má pa ẹ̀rọ náà, ẹ pa dátà fóònù, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. A ṣe é ní alẹ́ Sátidé. Iná pálọ̀ dáhùn, fáànù dáhùn, tẹlifíṣọ̀n dáhùn. Kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé kò dáhùn. Màmá wò wá títí, wọ́n yọ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti kì bọ etí ìró wọn, wọ́n yí i sí ìkànnì tí wọ́n ń fẹ́.