Bí Ọmọ Igi Ṣe Ń Fara Da Ọ̀dá àti Oòrùn Líle ní Agbègbè Èjìgbò

Ìfáárà
Èjìgbò wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi tí a gbìn sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni kì í rí òjò ọdún kejì. Òùngbẹ nìkan ni a sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé òùngbẹ àti oòrùn ni wọ́n jọ ń pa ọmọ igi.

Àjọṣe Ọ̀dá àti Oòrùn
Ewé ní ihò wínníwínní, tí ojú lásán kò lè rí, pàápàá ní abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí igi fi ń ṣe oúnjẹ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ náà ni omi tí ó ń mú ewé tutù ń gbà jáde. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ewé a pa ihò wọ̀nyí dé kí omi má baà tán. Oúnjẹ ṣíṣe a dínkù, ara ewé a sì gbóná, síbẹ̀ oòrùn kò dẹ́kun. Agbára oòrùn tí ewé kò rí lò mọ́ ni ó ń ba ewé jẹ́: àwọ̀ rẹ̀ a ṣá, etí rẹ̀ a sì jó. Igi ńlá lè fa omi láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ilẹ̀, tí ó ń tètè gbẹ, ni gbòǹgbò ọmọ igi ṣì wà.

Ọgbọ́n Tí Igi Ń Dá
Abẹ́ àwọn igi ńláńlá inú igbó Amazon ni kòkó ti ṣẹ̀. Ewé rẹ̀ tuntun a máa so rọ̀, kí oòrùn ọ̀sán má baà kàn án tààrà. Èyí kò tó o fún ààbò. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ṣíji bo ọmọ kòkó.

Kajú ní tirẹ̀ a tètè ran olórí gbòǹgbò sísàlẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń gbin kóró rẹ̀ sí ojú oko gan-an, kí ṣíṣí-nípò má baà gé gbòǹgbò náà.

Igi òrí, tí ó pọ̀ ní ìhà Ṣakí, ta gbogbo wọn yọ. Bí kóró rẹ̀ bá hù, yóò kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ lọ, kí ọ̀mùnú tó yọ láti abẹ́ ilẹ̀ wá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn tàbí iná bá pa ti òkè, ti ìsàlẹ̀ lè tún rú.

Ìlò Rẹ̀ fún Olùkọ́
Ibòòji àpọ̀jù náà léwu: igi a tẹ́ẹ́rẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ó yẹ kí a máa dín ibòòji kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó ṣí igi nípò, kí a gbìn ín nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, kí a sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀.

Ní kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ pín ọmọ igi sí ọ̀nà mẹ́rin: inú oòrùn pẹ̀lú omi, inú oòrùn láìsí omi, ibòòji pẹ̀lú omi, ibòòji láìsí omi. Kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgúnlẹ̀
Omi nìkan kò tó láti gba ọmọ igi là. Ẹni tí ó bá fún un ní omi, ibòòji ìwọ̀n àti àkókò láti ran gbòǹgbò ni igi rẹ̀ yóò rí òjò ọdún tí ń bọ̀.