Bí Ìwé Pélébé Ṣe Di Ẹnu Ẹ̀bùn

Bí Kérésìmesì bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀nà tó gba Dópèmú wọ Akówọnjọ, tó sì já sí Ẹ̀gbẹ́dá, kì í gba ẹsẹ̀ mọ́. Ìrẹsì, òróró, bísíkíìtì alágolo, aṣọ ọmọdé, gbogbo wọn ti jáde sí etí títì. Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kéré sí gbogbo wọn: ìwé pélébé tí a lu ihò sí lórí, tí a fi okùn tín-ín-rín so mọ́ apẹ̀rẹ̀ tàbí báàgì ẹ̀bùn, tí a sì kọ orúkọ ẹni tó fúnni àti ẹni tí a fún sí. Táàgì ni à ń pè é. Ó rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé àdúgbò wa, ọjà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún, kì í ṣe ọdún.

Kí ìwé tó dé, àwọn baba wa kì í fi ẹrù ránṣẹ́ kí ẹrù náà dákẹ́. Àrokò ń bá a lọ. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀, tí a kọjú wọn síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí a bá kẹ̀yìn wọn síra, ìjà ti dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin ń sọ pé ọkàn òun fà sí i; bí ẹyọ mẹ́jọ bá padà wá, ọmọbìnrin náà ti gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Ọ̀rọ̀ yìí jọ àwọn Òyìnbó lójú débi pé ní 1885, àlùfáà C. A. Gollmer, tó ti ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì nílẹ̀ Yorùbá, kọ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó, owó ìfìwéránṣẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún káàdì ìkíni. Ní 1840, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́nì kan péré lórí lẹ́tà, ibi yòówù kó máa lọ nínú ìlú wọn. Henry Cole wà lára àwọn tó bá wọn ṣètò náà. Nígbà tó fi máa di 1843, lẹ́tà ìkíni ọdún ti pọ̀ fún Cole fúnra rẹ̀ débi pé kò ráyè dá wọn lóhùn. Ó ní kí ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, ya ìdílé tó jókòó ti ọtí àti oúnjẹ. Wọ́n tẹ nǹkan bí 1,000 rẹ̀, wọ́n sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣílè kan. Bí káàdì Kérésìmesì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Táàgì kò bá ọ̀nà yẹn wá. Ní 1844, ní ìlú Brunswick ní ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà, Andrew Dennison tó jẹ́ aránbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣe àpótí páálí tí àwọn tó ń ta góòlù ń kó ọjà sí. Aaron ọmọ rẹ̀, tó wà nídìí òwò góòlù ní Boston, ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Ọmọ rẹ̀ mìíràn, Eliphalet, ló wá mú òwò náà gbòòrò. Ìṣòro kan ń yọ àwọn tó ń kó ẹrù lẹ́nu nígbà náà: ìwé tí wọ́n so mọ́ ẹrù máa ń ya níbi ihò, ẹrù a sì di aláìlórúkọ sójú ọ̀nà. Ní 1863, Eliphalet gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n kékeré kan: ó lẹ òrùka ìwé mọ́ ihò náà níwájú àti lẹ́yìn, okùn kò sì rí i fà ya mọ́. Láti orí ẹrù ni ilé iṣẹ́ náà ti wá yíjú sí ọdún, tó ń ṣe táàgì Kérésìmesì, sítíkà àti pépà aláràbarà. Ó ṣì wà dòní. Avery Dennison ló ń jẹ́ láti ìgbà tó ti dà pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ní 1990.

Pépà tí à ń fi di ẹ̀bùn pàápàá, àìtó ọjà ló bí i. Ní Kérésìmesì 1917, pépà fẹ́lẹ́ tí àwọn ènìyàn máa ń rà fún ẹ̀bùn tán ní ṣọ́ọ̀bù Joyce Hall àti Rollie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kansas City. Wọ́n kó pépà olódòdó kan síta, èyí tó wá láti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpò lẹ́tà, wọ́n ń tà á ní sẹ́ńtì mẹ́wàá. Kíá ló tán. Ilé iṣẹ́ tàwọn ọmọ Hall yìí ni gbogbo ayé mọ̀ sí Hallmark lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tó ti wọnú pépà, ta ló mọ èyí tó jẹ́ ti Táyé àti èyí tó jẹ́ ti Kẹ́hìndé? Pépà ló sọ táàgì di dandan.

Ìwé títẹ̀ kò pẹ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa. Láti 1859 ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti ń tẹ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ ló wá mú káàdì Kérésìmesì wọ ilé wa. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ni iṣẹ́ ọwọ́ ìparí sáà kìíní: kádíbọ́ọ̀dù tí a ṣẹ́ sí méjì, òwú tí a lẹ̀ ṣe irùngbọ̀n Bàbá Kérésì, kíréyọ̀nù pupa àti àwọ̀ ewé. Bí gọ́ọ̀mù bá tán, ẹ̀bà tàbí ẹ̀kọ á ṣe é. Létí títì Èkó, àwọn tó ń ta káàdì a ta okùn, wọ́n a fi wọ́n kọ́ lọ bẹẹrẹ.

Oṣù kẹjọ 2001 ló yí ọ̀rọ̀ padà, nígbà tí fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 400,000 ìlà tẹlifóònù ló wà fún orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ₦15 ti gbé ìkíni dé Kánò lójú ẹsẹ̀, ta ni yóò tún máa ra káàdì, àpò ìwé àti sítáǹbù? WhatsApp tún dé, ìkíni fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́, àwòrán kan náà ń dé ọ̀dọ̀ igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ń ta káàdì ká okùn wọn.

Táàgì kò bá káàdì kú. Fóònù lè gbé ọ̀rọ̀, kò lè gbé ìrẹsì. Bí apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ ti pásítọ̀, ti onílé, àti ti ìyá ìyàwó. Ìkíni tó bá ẹrù rìn kò tíì rí arọ́pò.

Irú àdúgbò bí Akówọnjọ ló lè jẹ́ kí èyí tètè yé ni. Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Akówọnjọ wà, ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nínú ilé tí yàrá ti dojú kọ yàrá, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ ń lo ilé ìdáná kan. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìrẹsì á kan ilẹ̀kùn Mùsùlùmí. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran á gba ọ̀nà kan náà padà. Ẹni tó bá ti pín ẹran fún ogún ilé rí mọ̀ pé bí orúkọ kò bá sí lára ọ̀rá, ọmọ tí a rán lè gbé itan tó jẹ́ ti àna lọ fún alábàágbé. Òde ìnáwó náà ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí tipẹ́. Abọ́, ike, agboòrùn tí à ń pín níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, orúkọ ẹbí tó ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀.

Ṣíṣe táàgì kò gba ẹ̀rọ. Páálí tó lágbára ni kí a wá, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní 250 tàbí 300 giráàmù. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù á ká bí oòrùn bá pa á. Lára páálí A4 kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, tó sì gùn ní 29.7, táàgì méjìlá tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 9 ló máa jáde. Bíléèdì àti rúlà onírin ló ń gé e gún ju sísọ́ọ̀sì lọ. A ó gé igun méjì òkè dànù, a ó lu ihò sí àárín wọn, a ó sì lẹ òrùka páálí mọ́ ihò náà: ọgbọ́n Dennison ọdún 1863, kò tíì gbó.

Ọ̀ṣọ́ ni ibi tí ọwọ́ olúkúlùkù ti lè hàn. Àgékù aṣọ àǹkárá tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣeé lẹ̀ mọ́ ọn. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta máa ń gé bátànì àdìrẹ sára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n bọ́ lára àpótí tíì, kí wọ́n tó ti ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ sára aṣọ. Ẹ gé irú bátànì bẹ́ẹ̀ sára páálí líle, ẹ gbé e lé táàgì, kí ẹ fi kànìnkànìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tẹ ọ̀dà aláwọ̀ aró lé e. Bí ọ̀dà bá pọ̀ jù, á ṣàn sábẹ́ bátànì, iṣẹ́ á bàjẹ́. Kí ẹ sì fi àyè orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ṣọ́, nítorí orúkọ ni a torí rẹ̀ ṣe é.

Owó páálí ni wàhálà tó kù. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìwé mẹ́ta sílẹ̀, ní Jẹ́bà, Ìwópin àti Òkù-Ìbokù. Iṣẹ́ wọn kò tó orílẹ̀-èdè lò, òkè òkun ni púpọ̀ pépà wa ti ń wá. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, dọ́là gbówó lórí, pépà sì tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí ajẹkù páálí tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólù gé kúrò lára ìwé ìpè àti kàlẹ́ńdà fi yẹ ní wíwò fún ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di òwò.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe bá ilé iṣẹ́ Ṣáínà du iye. Wọn yóò borí rẹ̀. Yìnyín àti àgbọ̀nrín ló wà lára táàgì tiwọn, àyè òfìfo ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún orúkọ. Akówọnjọ ni oníbàárà tiwa wà. A lè bi í pé kí ni wọ́n ń ki ìyá rẹ̀, ṣé Àjọkẹ́ ni àbí Àbẹ̀kẹ́, kí a kọ ọ́ sí i dáadáa pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni owó wà nínú rẹ̀.